Epo Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ Pò Sínú Ẹ̀rọ Ìgégi

Ọmọ mi obìnrin,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ilẹ̀ kò ní ṣú mọ́ ọ lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ kò sì ní wá ohun tí ẹnu yóò jẹ tì. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó jẹun díẹ̀ lánàá. Aránṣọ tí ó wà ní ojúlé kejì sí wa ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní kí n máa rọra sọ̀rọ̀, mo ní kí òun náà máa yára kọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgégi ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Láti ìgbà tí a ti sin ín ni ẹ̀rọ náà kò ti fọhùn mọ́. O mọ igi gbígbẹ tí ó tẹ̀ sórí yàrá ìyá rẹ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣèlérí pé òun yóò gé kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀. Àwọn agégi mìíràn wá, mo lé wọn. Mo ní ẹ̀rọ ọmọ mi ni yóò gé igi tí ọmọ mi ṣèlérí. Ìyá rẹ náà kò gbà láti kúrò nínú yàrá, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ wà. Òjò sì ti ń ṣú.

Mo fa okùn ẹ̀rọ náà títí apá mi fi fẹ́ já, ó kàn ń wúkọ́ bí arúgbó ni. Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣe, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gba kádàrá, pé kì í ṣe òun nìkan ni ó pàdánù. Nígbà tí o ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí o lè fi han àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe, mo nù ún, mo sì fi aṣọ ìbora bò ó dé ọrùn, nítorí a kì í ya fọ́tò aláìsàn ní ìhòòhò. O wá pè mí tìbínú-tìbínú pé aṣọ nìkan ni ẹ rí. Mo ti gbé e sún mọ́ iná ìdáná kí àyà rẹ̀ lè gbóná kí mẹkáníìkì tí mo ránṣẹ́ pè tó dé. Ariwo tí ọkùnrin náà pa! Ó ní ṣé mo fẹ́ jó ilé mọ́ ara mi lórí ni.

Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi kan irin, ó fa okùn, iná ṣẹ́ yọ, ó ní ti iná kọ́. Ó tú asẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mí, lẹ́búlẹ́bú igi ti dí i pa, ó gbọ̀n ọ́n nù, síbẹ̀ ikọ́ náà ni. Ìgbà náà ni ó ṣí táǹkì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mirí. Ó ní bẹntiróòlù tí ó bá jókòó pẹ́ a máa ki bí oje igi, pé èyí ti dí kabúrétọ̀, ọ̀nà ọ̀fun tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí a dà á nù, kí a fọ ọ̀fun náà, kí a po òmíràn.

Ọmọ mi, mo yarí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ po epo yẹn mọ́ ọ́ìlì ní àárọ̀ tí ó lọ sóko kẹ́yìn. Mẹkáníìkì ní Bàbá, epo kì í ṣe ọmọ. Mo ní kí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kí ó máa lọ. Ó ní orí mi le ju nọ́ọ̀tì tí ó ti dógùn-ún lọ.

Kò tíì kó o tán tí afẹ́fẹ́ fi dé, tí ẹ̀ka kan já lu páànù yàrá, ìyá rẹ sì wà nínú rẹ̀. Ó jáde, eruku òrùlé kún gbogbo irun rẹ̀. Kò pariwo. Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ dé, ó da epo náà sílẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé inú epo ni ọmọ òun wà ni, òun ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń mu ún.

Mẹkáníìkì fọ kabúrétọ̀, ó po epo tuntun, ó fa okùn, ẹ̀rọ sì ké. Ohùn rẹ̀ àtijọ́ gan-an ni. Ó gé igi náà, igi sì wó sápá ibi tí kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rọ, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà, bí ìyá rẹ bá ti gbọ́ pé ẹ̀rọ dákẹ́ lóko, omi ìwẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni yóò gbé kaná. Nígbà tí mo fi kó ẹ̀ka igi díẹ̀ tí mo bojú wẹ̀yìn, omi ti ń hó lórí iná. Ó dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó gbé e kaná. Mo bu omi náà, mo lọ fi wẹ̀, kí ó má baà tutù síbẹ̀.

Mẹkáníìkì ní ẹ̀rọ náà ń fẹ́ asẹ́ tuntun àti rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, páànù náà sì ti lu. Wá owó díẹ̀ fún wa. Má fi sí báǹkì o. Wọ́n ní ojú mi kò jọ ti inú káàdì ìdánimọ̀ mi mọ́, mo ní ta ni ojú rẹ̀ yóò jọ ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi? Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá, kí ìyá rẹ rí ọ.

Ọlọ́run yóò mú ọ dàgbà ju èmi lọ. Wàá pẹ́ láyé, wàá bímọ, ọmọ rẹ yóò gbẹ̀yìn rẹ. Ìwọ ni yóò sin wá. A kò tún ní sin ọmọ mọ́.

Èmi bàbá rẹ ni.