Ohun Tí Ẹ̀rọ Lè Sọ Nípa Ẹ̀jẹ̀ Títí

Ìyá mi tó ń jẹ́ kí n máa ranjú mọ́ ọ̀nà,

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé mi ò mọ ọ̀rọ̀ yí po. Kọ̀ǹpútà tí a fi ń wá ẹni tó lè fún aláìsàn lẹ́jẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa ní Ìlọ́bù ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Bísí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ̀. Rájí tí wọ́n jọ ń tẹ̀ ẹ́ mọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà mọ̀, òun ló ń dúró tì í bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ tó ti lọ. Èmi alákòóso, tí wọ́n rán lọ sí yunifásítì láti kọ́ bí a ṣe ń darí iléeṣẹ́, èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Láràárọ̀ tí mo bá béèrè pé báwo ni ẹ̀rọ, Bísí á kúnlẹ̀, Rájí á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kò séwu, mà. Ta ló ń fi ìròyìn burúkú kí ọ̀gá káàárọ̀?

Ewu wà. Títí ti lóyún. Títí tó wà nínú yín nígbà tí a ti Gánà dé, tí ẹ bí sí yàrá ẹ̀yìn, tí ẹ ò sì dìde mọ́. Gbogbo ẹni tó ń ti yàrá náà jáde lọ́jọ́ yẹn ló ń sọ pé kò séwu, aṣọ tó pọ́n fòò sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?

Dókítà ní ibi ọmọ jókòó sísàlẹ̀, ó dí ọ̀nà, pé Sátidé yìí làwọn máa fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ sì lè pọ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ Títí ò pọ̀ lára èèyàn. Inú kọ̀ǹpútà yẹn lorúkọ àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ ní Ìlọ́bù àti Ìfọ́n wà. Mo ní kí Bísí wá ẹni tí tirẹ̀ bá ti Títí mu. Ẹ̀rọ náà kàn ń wò wá. Nọ́ọ̀sì lọ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, ó padà dé, ó ṣì ń wò wá.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún un ṣe ní Ìbàdàn ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀! Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lé Bísí dìde, mo jókòó síbẹ̀ fúnra mi. Àṣẹ kan wà tí wọ́n kọ́ mi, ọ̀rọ̀ kúkúrú lásán téèyàn ń tẹ̀ sójú rẹ̀. Béèyàn bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, àwọn nǹkan tí ẹ̀rọ lè sọ nípa ara rẹ̀ ló máa tò sílẹ̀: àyè tó kù nínú ìrántí rẹ̀, iṣẹ́ tó wà lórí ìlà, bó ṣe ń ṣe wàhálà tó. Ìgbà náà lèèyàn á wá mú ọ̀kan, á bi í léèrè. Mo rántí yín. Kí ẹ tó tan sítóòfù, ẹ á gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì sétí, ẹ á mì í, kí ẹ lè gbọ́ èyí tó kù nínú rẹ̀.

Mo bi í nípa ìrántí. Ó ti kún dé ẹnu. Mo bi í pé kí ló kún un. Ìwé orúkọ Ìlọ́bù, ti Ìfọ́n, ti Ìlọ́bù, ti Ìfọ́n, ó ń yí lọ sókè, kò tán. Ọmọ Ìlọ́bù ni Bísí, ọmọ Ìfọ́n ni Rájí, ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá kọ́kọ́ pa ìwé ìlú tirẹ̀ dé ti fi àyè sílẹ̀ fún èkejì. Torí náà wọn kì í pa á dé. Bíṣẹ́ tuntun bá dé, wọ́n á ṣí òmíràn lé e.

Mo ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ dé.

“Mà, kí Rájí kọ́kọ́ pa tiwọn ná,” ni Bísí wí. “Ẹ̀yin náà kúkú mọ àwọn ará Ìfọ́n. Téèyàn bá yẹsẹ̀ báyìí, wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.”

“Ṣé ẹ̀gẹ́ ń hù nínú kọ̀ǹpútà ni?” Rájí dá a lóhùn. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbin tiyín dé ẹ̀yìnkùlé wa!”

Lọ́jọ́ mìíràn mi ò bá rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ ara mi pa á dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà mí. Kí n tó ṣẹ́jú, orúkọ jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo: àgbẹ̀ kan, ará Ìfọ́n.

“Bàbá yẹn?” Rájí mi orí. “Ó ti búra, mà. Látìgbà tí wọ́n ti wó ebè rẹ̀, ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ Ìlọ́bù mọ́.”

Mo lọ bá a lánàá. Mo kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo dárúkọ yín, mo ní Ìlọ́bù ni. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo sọ ti Títí, mo sọ ti Sátidé, mo ní màá fi ọkọ̀ gbé e lọ, màá gbé e bọ̀.

“Mo ti gbọ́,” ló wí.

“Bàbá, ṣé ẹ ó wá?”

“Mo ti gbọ́, ọmọ mi.” Ó bá tún kọjú sí ọkọ́ tó ń pọ́n.

Ìyá mi, àṣẹ wo ni mo fẹ́ tẹ̀ sí ọkùnrin yẹn? Mo ti to gbogbo ohun tí mo lè ṣe sílẹ̀, mo ti ṣe é tán. Ẹ̀rù ń bà mí. Títí ń rẹ́rìn-ín, ó ń ká aṣọ ọmọ. Mi ò tíì sọ fún un.

Torí náà, ẹ̀yin ló kù. Ẹ lọ bá bàbá yẹn lójú oorun. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ fi ara yín hàn án bí ẹ ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ bí Títí, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún un. Kí ó ti wà nínú ọkọ̀ mi kí oòrùn Sátidé tó yọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ àlàyé, mi ò sì ní sún ọjọ́ náà síwájú.

Èmi ni, àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín ju bí ẹ ṣe dúró gbọ́ lọ.