Ìbéèrè Ìyá Sikírá

Ọjọ́rú, lẹ́yìn Màgàríbì

Láàárọ̀, a gbé fọ́tò àwọn opó Ìtòkú tí ẹgbẹ́ wa fún ní maṣíìnì ìránṣọ sórí Fesibúùkù. Ìyá Sikírá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Tèmi dà? Ẹ gbà á padà lẹ́yìn fọ́tò."

Lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ náà ti pòórá. Èmi àti Alájì akọ̀wé nìkan la lè pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀.

"Alájì, ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́?"

"Ìwọ náà! Ṣé gbogbo ariwo ọjà là ń dá lóhùn ni?"

Kò sọ pé irọ́ ni.

Mo ti gbé ìbéèrè náà padà, mo sì dáhùn lórúkọ ẹgbẹ́: "A ò tíì mọ̀. À ń bọ̀ nílé yín lọ́la."

Alájì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ní àlàyé, kó kọ ọ́ síbẹ̀, kí Ìyá Sikírá náà rí i.