Ọkọ̀ Èmi àti Nwakaego

Olóòtú ètò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aṣọ ni mò ń tà ní Onitsha.

Kí ogun abẹ́lé tó dé, èmi àti Nwakaego ọ̀rẹ́ mi pinnu láti ra ọkọ̀ ojú omi, kí àwa obìnrin méjì máa fi kó èrò. Ara wa nìkan là ń sọ ọ́ fún, kí àwọn èèyàn má fi wá ṣẹ̀sín. Ogun lé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo padà, àwọn aládùúgbò ní ìbọn ti pa Nwakaego. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbá mi mọ́ra: "Nne, ọmọ mi, ó sọ fún mi nígbà tó ń jáde pé òun ń lọ wo ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà ní ìlú Odekpe."

Ẹnu mi ò gbà á láti túfọ̀ ọmọ fún ìyá rẹ̀. Mo ní, "Mama, ó ń bọ̀." Látìgbà náà ni ìyá ti ń dúró dè é létí odò.

Mo ṣì fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin olùgbọ́, tí ìyá bá rí i pé èmi nìkan ni mò ń tù ú bọ̀, kí ni kí n wí?