Téèpù Tí Bàbá Wé Sódì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ìyá wa ò wú mọ́.

Ẹ̀rọ kọfí tí ẹ fi ránṣẹ́ ń tọ̀ sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, níbi tí páìpù ti wọnú ẹ̀rọ. Bàbá wa, tó fi iṣẹ́ páìpù tọ́ wa, tó sì kọ́ mi níṣẹ́ náà, ní àwọn á tún un ṣe. Wọ́n wé téèpù tí kì í jẹ́ kómi jò mọ́ ẹnu páìpù, àmọ́ sódì ni. Bí wọ́n ṣe ń de páìpù ni téèpù ń tú. Wọ́n tún un wé, sódì náà ni.

Mo gbà á, mo ṣe é. Kò jò mọ́. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "O mọṣẹ́. Ta lọ̀gá ẹ?"

Ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́, ara yín ni kẹ́ ẹ gbé wá. Ọlọ́run á ṣọ́ yín délé, nígbà tí bàbá wa ṣì lè pè yín lórúkọ.

Àbúrò yín