Owó Iná Ti Wálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Tàíbátù,

Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara wa le ní Niamey, àfi ooru. Ẹ rántí gílóòbù halójìn mẹ́jọ, àwọn tó máa ń gbóná gan-an, tí mò ń tàn sí pálọ̀ kí aṣọ tí mò ń tà lè máa dán? Hàfísátù ọmọ mi yọ gbogbo wọn, ó fi ti LED tí kì í gbóná sí i. Mo bínú pé yóò ba àwọ̀ aṣọ jẹ́. Irọ́ ni! Oníbàárà ò làágùn mọ́, owó iná sì ti fi ìdajì wálẹ̀. Alihamdulilahi.

Owó tí ẹ ń bá mi fi kún owó iná lóṣooṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tọ́jú ojú yín tó ń ṣe bàìbàì. Ọlọ́run á jẹ́ ká ríra. Bí mo bá dé fún Iléyá, mi ò fẹ́ gbọ́ “Ta nìyẹn?” lẹ́nu yín mọ́.

Àbúrò yín,
Mọ́rìlíátù