Mo Fún Ariwo Títì Ní Mẹ́wàá

Ọlábámijí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ télọ̀ ń lọ? Títì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjú sí ní Kétu kò ní mu ẹ̀jẹ̀ rẹ. Mo délé láyọ̀. Iṣu ti ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú yẹn bí mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi, bàbá yín Ràímì, sì ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń bínú sí ọ, èmi ni mo sì fà á.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Lọ́jọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tí o wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hidayat wá sílé, ó ní láti yunifásítì ni òun ti wá, àwọn ń bèèrè bí ariwo mọ́tò ṣe rí lára àwọn tó ń gbé ẹ̀bá títì. Ó gbé fọ́ọ̀mù jáde, ó ní láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni mo fún ariwo náà. Mo wo ọmọ náà, ó ti rìn nínú oòrùn, n kò fẹ́ kó fìdí rẹmi, mo bá fún un ní mẹ́wàá. Mo tún ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gbìyànjú gan-an.

Ó wá na fóònù rẹ̀ sójú fèrèsé. Mo rò pé ẹnì kan wà lórí rẹ̀, mo kí onítọ̀hún pé ẹ kú iṣẹ́, kò dá mi lóhùn. Nọ́ńbà ló gbé jáde, méjìlélọ́gọ́rin, ó ní bí ariwo náà ṣe pọ̀ tó nìyẹn, mo ní ọjọ́ orí ìyá àgbà rẹ gan-an nìyẹn. Hidayat rẹ́rìn-ín títí. Ó ní mẹ́wàá túmọ̀ sí pé ariwo náà ń yọ mí lẹ́nu gidigidi. Ó ní àwọn kan ní Magodo, níbi tí àwọn olówó ń gbé, náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ti fèrèsé wọn pa, pé nílùú òyìnbó kan ńṣe ni wọ́n ń kọ̀wé sí ìjọba títí ìjọba fi mọ odi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ariwo má bàa wọlé, ṣùgbọ́n ní àdúgbò yín, òdo ni ọ̀pọ̀ èèyàn fún un, wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára. Màríyámọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tìrẹ sọ fún un pé ìgbà tí títì bá dákẹ́ gan-an lẹ̀rù máa ń ba òun, pé ìjà ti bẹ́ níbì kan nìyẹn.

Mo bi í pé ṣé etí tí ariwo ti mọ́ lára ṣì ń gbọ́ràn. Ó ní ti àwọn mìíràn kì í gbọ́ bó ṣe yẹ mọ́, àwọn fúnra wọn ò sì ní mọ̀. Ìwọ ni mo rántí.

Ọlábámijí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ láti ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ, o kò yíjú. Mo ní ọmọ mi ti di ará Èkó, ó ti ń fojú di mí. Bí o bá sì ti pariwo mọ́ mi lórí fóònù, ẹkún ni mo máa ń sun tí mo bá gbé e sílẹ̀ tán. Èmi ni mo fẹjọ́ rẹ sun bàbá yín Ràímì. Mo ti padà lọ bá wọn, mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o kò gbọ́ mi ni. Má bínú sí mi, ọmọ mi.

Jọ̀ọ́, lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń yẹ etí wò. Má fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ lóṣù yìí, iṣu wà. Owó mọ́tò nìkan ni mo ń tọrọ, kí n lè bá ọ lọ. Mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ dókítà, mo kàn fẹ́ jókòó tì ọ́ ni.

Ọlọ́run tó dá etí yóò bá wa tún un ṣe. Nígbà tí ọmọ tìrẹ náà bá ń pè ọ́ ní bàbá, wàá gbọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nímọ́tà