Egungun Inú Ìgò

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kìíní, 2025

Fadilath, Pẹ́pẹ́yẹ mi. Ọjọ́ kejìdínláàádọ́rin rèé tí a sin ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin.

Mo ra ìwé kàyé yìí ní Tokpota lónìí, torí mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́. Ìyá rẹ ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní àdúgbò Akron, ó gbé Maïmouna àbúrò rẹ dání. Ìyá mi ló kù. Òun kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ò yí padà: kí n gbálẹ̀, kí n fọ ìgò laabó, yàrá ìwádìí wọn, kí n ti ilẹ̀kùn. Madame Odile, tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ara ẹ̀dá, ní kí n wá egungun itan adìẹ mẹ́rin. Ó ní kí n fọ̀ wọ́n mọ́ o, òun ò fẹ́ kí ológbò wá bá òun ṣe kíláàsì. Mo fọ̀ wọ́n. Méjì wọ inú ìgò finẹ́gà. Méjì yòókù, wọ́n máa sun wọ́n níná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Òórùn finẹ́gà ò kúrò lọ́wọ́ mi. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo pààrọ̀ finẹ́gà. Ìhó kéékèèké ń jáde lára egungun, bí ẹni tó ń mí lábẹ́ omi. Mo dúró wò ó pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà mí lọ́jọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn — kúkúrú, kúkúrú, àyà rẹ ń wọlé dípò kó máa wú. Wọ́n ní òtútù ló wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ.

Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ó ní ìyá rẹ lóyún Maïmouna nígbà tí o ṣì wà lẹ́nu ọmú, pé wàrà oyún ló wọ́ ẹsẹ̀ rẹ, òun náà ló ba àyà rẹ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ níwájú gbogbo ará àgbàlá lọ́jọ́ àdúà ogójì ọjọ́ ikú rẹ. Ìyá rẹ gbójú sókè wò mí lọ́jọ́ náà. Èmi ń wo ìka ẹsẹ̀ mi. Ó kó lọ lọ́jọ́ kejì.

Kí n kọ ọ́ síbí bó ṣe rí: mo gba ọ̀rọ̀ ìyá mi gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Èmi nìkan ni mo jẹun. Ìka mi ti ń ṣa egungun kúrò lára ẹja kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mo ń ṣà á fún.

Àkàsà, ẹja ọ̀sà, ata díẹ̀ — oúnjẹ àwa méjèèjì. Èmi ni mo máa ń fún ọ jẹ, kì í ṣe ìyá rẹ. Mo máa ń yọ egungun náà títí dé èyí tó tín-ín-rín bí irun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, egungun ẹja há mi lọ́nà ọ̀fun, mo fojú rí ikú. Mo búra pé kò ní í ṣe ọmọ mi láéláé. Ìyá rẹ a máa fi mí rẹ́rìn-ín: "Baba Fadilath, ní Akron ọmọdé ń rún ẹja wẹ́wẹ́ tòun torí o! Ìwọ ń sọ tìẹ di ọmọ ọba." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ibi tó mọ́ jù lára ẹja ni tìrẹ. Ìwọ náà a lanu bí ọmọ ẹyẹ.

Ọjọ́ Ajé, 20

Egungun inú ìgò ti rọ̀. Madame fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ bíi rọ́bà. Ọmọ kan ń gbìyànjú láti ta á ní kókó, kíláàsì pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èyí tí wọ́n sun funfun bí ẹfun. Wọ́n fọwọ́ kàn án, ó rún. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bí èyí tó rọ̀ yẹn ṣe tẹ̀ — Fadilath, ó yọ síta ní àárín bí ọrun. Ẹsẹ̀ rẹ gan-an ni. Mo gbé garawa mi, mo jáde. Madame tẹ̀ lé mi. Mo ní finẹ́gà ló ta sí mi lójú. Ó ní finẹ́gà wo, ṣebí èmi fúnra mi ni mo dà á nù láàárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Mo mú ìwé ilé ìwòsàn lọ fún Madame, èyí tí mo ká sábẹ́ ẹní láti oṣù kọkànlá. Dókítà kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, kò ṣàlàyé, èmi náà ò bèèrè. Èmi tí mo kàwé dé CM2, kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Madame kà á: rachitisme. Mo sọ ọ̀rọ̀ wàrà oyún fún un. Ó ní irọ́ ni, egungun ni kò gan.

Ó gbé mikirosikọ́pù síwájú mi, ó ní kí n di ojú kan. Egungun tí wọ́n gé pẹlẹbẹ ju abala ìwé lọ. Ihò kan láàárín, òrùka yí i ká, òrùka lórí òrùka, bí ìdí igi tí wọ́n fi ayùn gé. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ wà láàárín àwọn òrùka náà. Ó ní ilé àwọn tó kọ́ egungun nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n á kọ́kọ́ ta okùn, okùn rírọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ ní ìpele ìpele. Okùn á dúró bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni òkúta á ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, hóró tó kéré ju iyanrìn lọ, á wọ àárín okùn, á gan. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn á mọ ògiri yí ara wọn ká. Wọ́n á há síbẹ̀ láàyè, wọ́n á máa na ọwọ́ tín-ín-rín síra wọn nínú òkùnkùn.

Mo bi í pé bí òkúta ò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́.

Ó ní wọn ò ní í dáwọ́ dúró. Wọ́n á máa ta okùn lé okùn. Kò ní í gan. Ọmọ á dìde dúró lé e, á tẹ̀. Egungun ìhà náà á rọ̀, kò ní í lè gbé àyà ró bí òtútù bá wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Finẹ́gà kó òkúta jáde lára adìẹ. Lára tìrẹ, òkúta ò tilẹ̀ wọlé.

Ó ní òkúta náà wà nínú wàrà, nínú ewébẹ̀. Oòrùn ló ń ran ara lọ́wọ́ láti gbà á. Ó bi mí pé kí lo ń jẹ lẹ́yìn tí a já ọ lẹ́nu ọmú. Mo ní àkàsà àti ẹja. Ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó ní ẹja wẹ́wẹ́ mà dáa, egungun rẹ̀ kún fún un, bí ọmọ bá ti ń rún un mọ́ ọn.

Mo ká ìwé náà, mo lọ ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 22

Ọwọ́ yìí ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gun alùpùpù zẹ́mìjan lọ sí Akron. Maïmouna sáré wá pàdé mi. Ó ń mì sọ́tùn-ún, ó ń mì sósì, bí pẹ́pẹ́yẹ. Mo fẹ́ràn ìrìn yẹn lára rẹ débi pé mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ti wú bíi tìrẹ. Òun náà, ẹja tí mo ti ṣa egungun rẹ̀ ló ń jẹ nílé wa.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Mo rò pé yóò sunkún. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró. "Baba Maïmouna," ló ní — Baba Maïmouna ló pè mí, Fadilath — "ọmú mi wá ńkọ́? Ṣé ó ti mọ́ báyìí?"

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun máa gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ìyẹn ò sì kan ìdáríjì. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti sọ tọmú, ibẹ̀ ni kí n ti lọ sọ tẹja, lójú àwọn ènìyàn kan náà. Bí mi ò bá tíì ṣe é, kí n má padà wá.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Mo sọ ọ́ nínú àgbàlá. Ẹnì kan ní, "Ẹ wá wo dókítà agbálẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi bi mí pé ta ló rí i rí kí ìfẹ́ pa ọmọ. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: Àyọ̀ká ìyàwó mi ò jẹ̀bi. Èmi ni mo ṣa egungun.

Ìyá Abibou, arúgbó iwájú ilé wa, ló wá lanu, ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Liamidi, ìwọ náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n eléyìí ṣì wà lẹ́nu ọmú lo lóyún rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ta ló wọ́?"

Ìyá mi dìde, ó wọlé. Láti ìgbà náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

Wọ́n ti fún Maïmouna lóògùn. Wọ́n ní ó ṣì kéré, ẹsẹ̀ á tọ́ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ò rí díẹ̀díẹ̀ gbà.

Ìyá rẹ ò tíì padà wálé. Kò sọ pé òun máa padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Akron lónìí, ó ní kí n jókòó, ó gbé àwo síwájú mi: àkàsà, ẹja wẹ́wẹ́ tó dín gbẹ. Maïmouna gun itan mi. Ó lanu.

Ìka mi ti wọ inú ẹja. Ó ti fa egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ kí n tó mọ̀.

Ìyá rẹ ń wò mí.

Mo dá egungun náà padà. Mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹja, mo gbé gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó rún un. Mo gbọ́ ọ, Pẹ́pẹ́yẹ mi. Ó ń dún láàárín eyín rẹ̀, gbogbo ohun tí mi ò fún ọ.